Ta Ló Fi Àrùn Sí Ọmọ Náà Lẹ́nu?

Eyín ni mo pè é. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìyẹn. Nígbà tí àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tí ó ń ta aṣọ ní Aramọkọ-Èkìtì, fi àwòrán ọmọ rẹ̀ obìnrin ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọmọ náà wú díẹ̀, mo sì dá a lóhùn pé, “Ẹ má mikàn, Àǹtí mi, eyín ni. Ẹ jẹ́ kí ó máa fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ẹnu.” Ọmọ ọdún 6 ni. Ta ni kò mọ̀ pé ìgbà náà ni eyín ọmọdé máa ń mì, tí òmíràn yóò sì hù dípò rẹ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wíwú náà ti ti ẹyinjú rẹ̀ òsì sókè. Àwọn eyín tí ó wà ní ìhà ibẹ̀ ń mì lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́ta, mẹ́rin, eyín tí àkókò wọn kò tíì tó. Ẹni tí ó ń ta oògùn ládùúgbò ti ta kápúsù fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnìkan tí wọ́n ní ó mọ̀ nípa eyín ti yọ ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé ilé-ìwòsàn ńlá ni dókítà obìnrin kan wò ó, kò tilẹ̀ tíì ní kí ó la ẹnu tí ó fi béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé, “Níbo lẹ ti wá, mà? Ṣé ibà máa ń ṣe é lemọ́lemọ́?” Wọ́n gé ẹran bíńtín níbẹ̀, wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò. Orúkọ tí wọ́n fún un ni jẹjẹrẹ Burkitt.

Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tí ń ṣe ọmọ ènìyàn, kò sí èyí tí a mọ̀ pé ó ń yára dàgbà jù ú lọ. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi pè é ní eyín ṣírò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣìṣe yẹn ló mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Èkejì ni.

Èdè Yorùbá ni mo kọ́ ní yunifásítì. N kò kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kí n sùn, ni mo bá jókòó sínú yàrá mi ní Ìjerò, tí mo ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ lóru. Mo kà pé fáírọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní Epstein-Barr, pé òun ni wọ́n máa ń bá nínú ọ̀pọ̀ jù lọ jẹjẹrẹ Burkitt tí ń ṣe àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, àti pé inú itọ́ ló ti ń ràn. Bí ẹni tí ó rí wúrà he ni mo ṣe gbé e sí ojúde ẹbí wa lórí WhatsApp: “Itọ́ ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà láti ẹnu dé ẹnu.” Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sùn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnìkan ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ rántí ẹni tí ó máa ń jẹ ẹran lẹ́nu fún ọmọ yẹn.”

Gbogbo wa rántí. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni ọkọ àǹtí mi. Nígbà tí wọ́n já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, tí ọjà kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ráyè, Yèyé ló gbà á wò ní Ẹ̀fọ̀n fún ọdún 2. Yèyé ni ìyàwó kékeré bàbá àgbà ọmọ náà. Kò bímọ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú agboolé mọ ohun tí gbólóhùn kékeré yẹn lè dà nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn bá ń ṣàìsàn. Yèyé a máa jẹ iṣu àti ẹran lẹ́nu títí yóò fi kúnná, a sì fi ìka mú un sí ọmọ náà lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún òun náà nígbà èwe rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ẹni tí ó ń jẹun láti inú ìkòkò rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ tí ó máa ń sùn sí yàrá rẹ̀ kó ẹní wọn jáde. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹbí ní kí wọ́n mú un lọ búra. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sì ni wọ́n ń tọ́ka sí pé, “Ọmọ tó kàwé ló sọ ọ́.”

Òótọ́ ni mo kọ. Ààbọ̀ òótọ́ ni.

Ààbọ̀ tí ó kù gùn, Uganda ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1957, wọ́n pe oníṣẹ́-abẹ kan tí ń jẹ́ Denis Burkitt ní ilé-ìwòsàn Mulago ní Kampala pé kí ó wá wo ọmọkùnrin kan tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú lọ́tùn-ún àti lósì, lókè àti nísàlẹ̀. Kò pẹ́ tí ó tún rí òmíràn. Ní 1958 ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa ọmọ 38. Ní 1961, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wa ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10 láti Uganda dé gúúsù Áfíríkà, nǹkan bí 10,000 máìlì, wọ́n ń bi ilé-ìwòsàn kan dé èkejì léèrè bóyá wọ́n ti rí irú àìsàn yìí rí. Ibi tí ooru àti òjò bá ti pọ̀ ni wọ́n ti ń rí i. Ibi gíga tí òtútù ti ń mú, kò sí níbẹ̀. Nígbà tí a bá ya ibi tí àìsàn náà wà sórí àwòrán ilẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ibi tí ibà pọ̀ sí mu rẹ́gí.

Nítòsí wa ńkọ́? Ọdún 1957 yẹn kan náà ni ilé-ìwòsàn ńlá UCH ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1960 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ níbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ka ti àwọn ọmọdé, jẹjẹrẹ Burkitt ló léwájú. Ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù kan, Victor Anomah Ngu, tí ó ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn kí ó tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́-abẹ níbẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n fi hàn gbogbo ayé pé oògùn lè wo àìsàn yìí sàn láìjẹ́ pé a fi ọ̀bẹ gé e. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Lasker ní 1972, òun pẹ̀lú Burkitt àti àwọn mìíràn. Àwọn oníṣègùn Ilé-Ifẹ̀ náà ti ń kọ nípa rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà, dókítà tí ó bi àǹtí mi léèrè ọ̀rọ̀ ibà kò wo Ifá. Ohun tí a ti mọ̀ nílẹ̀ yìí ṣáájú kí a tó bí èmi ni.

Ti fáírọ́ọ̀sì náà wá ńkọ́? Ní oṣù kẹta ọdún 1961, Burkitt sọ̀rọ̀ ní ilé-ìwòsàn Middlesex ní London, ọ̀dọ́ onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Anthony Epstein sì wà láàárín àwọn tó ń gbọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé ẹran jẹjẹrẹ ránṣẹ́ láti Kampala sí London. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 3 kí òun, Bert Achong ọmọ Trinidad, àti Yvonne Barr tó fojú kan fáírọ́ọ̀sì náà ní 1964. Ìbátan herpes ni, ẹbí àwọn tí ń fa ilẹ̀ tútù àti egbò ètè. Orúkọ Epstein àti Barr ni wọ́n fi pè é. Ti Achong bọ́ sílẹ̀, ohun tí ó sì ń dùn mí díẹ̀ nìyẹn nígbàkúùgbà tí mo bá kọ ọ́.

Ibi tí ó yẹ kí n kà dé kí n tó fọwọ́ kan fóònù nìyí: nígbà tí Werner àti Gertrude Henle ní Philadelphia bẹ̀rẹ̀ sí í wá àmì fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn nípẹ̀kun àwọn ọdún 1960, wọ́n rí i níbi gbogbo. Nínú àgbàlagbà 100 lágbàáyé, ó lé ní 90 tí ó ní in. Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ọmọ ń kó o kí wọ́n tó pé ọdún 3, ìyá kì í sì í mọ̀, nítorí pé àárẹ̀ tí ó ń mú wá kò ju òtútù lásán lọ. Tí ó bá sì ti wọlé, kì í jáde mọ́ títí ọjọ́ ikú. Èmi tí mo ń kọ èyí ní in. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé ẹ ní in. Ẹ̀gbọ́n tí ó ní kí Yèyé lọ búra ní in. Ó wà nínú itọ́ tí ó ń ta jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀.

Èéṣe tí ara wa kò fi lé e jáde, nígbà tí ó jẹ́ pé ara a máa lé ọ̀pọ̀ àrùn jáde? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àrokò ṣàlàyé, nítorí ìyẹn ni mo mọ̀. Kí ìwé tó dé, àwọn baba wa a máa fi nǹkan ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ti sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Ẹni tó gbà á kò nílò àlàyé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì inú ara wa ṣe ń pàrokò. Gbogbo purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì bá ń ṣe nínú ilé, ó ń gé bíńtín nínú rẹ̀, ó ń gbé e gba ẹnu ọ̀nà tóóró kan, ó sì ń fi í kọ́ sára ògiri ìta. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T, tí wọ́n jẹ́ ọdẹ alẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ wa, ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń ka àrokò ara ògiri. Bí ohun tí wọ́n rí bá jẹ́ ti ilé, wọ́n á kọjá. Bí ó bá jẹ́ ti àjèjì, wọ́n á wó ilé náà lulẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì kò lè ṣiṣẹ́ láìṣe purotéènì. Purotéènì rẹ̀ yóò sì di àrokò tí yóò tú u fó. Ọ̀nà méjì ló wà fún un nígbà náà: kí ó dákẹ́, tàbí kí ó ba àrokò jẹ́. Epstein-Barr ń ṣe méjèèjì. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni bí ó ti mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ṣe èwo.

Jíìnì tí ó gbé lọ́wọ́ lé ní 80, jíìnì sì ni ìlànà tí a fi ń ṣe purotéènì. Sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ń pè ní B ni ó máa ń wọ̀. Ní kété tí ó bá wọlé, ó máa ń ṣí àwọn jíìnì díẹ̀ tí wọ́n ń ti sẹ́ẹ̀lì náà pé kí ó máa bí sí i. Ariwo pọ̀ ní àsìkò yìí, àwọn ọdẹ sì máa ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn àwọn jíìnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgádágodo tí ó ń lò jẹ́ àmì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní methyl, tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ara DNA. Jíìnì tí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ kì í sábà sọ̀rọ̀ mọ́. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ló rọ àgádágodo yìí. Ti sẹ́ẹ̀lì wa ni, òun ni àwa fúnra wa fi ń pa jíìnì tí a kò lò lẹ́nu mọ́. Àlejò yìí bá a nílé, ó sì fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì B tí ó ń sinmi, ó lè dákẹ́ débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe purotéènì kankan. Ọdẹ á kọjá níwájú ilé, kò ní rí nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n bí sẹ́ẹ̀lì bá pín sí méjì, fáírọ́ọ̀sì ní láti wà nínú méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò sọnù. Purotéènì kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní EBNA1 ló ń dè é mọ́ DNA wa kí ó lè bá a lọ, EBNA1 yìí sì ni purotéènì tí a sábà máa ń bá nínú jẹjẹrẹ Burkitt. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ni fáírọ́ọ̀sì lè gbà ka ìlànà rẹ̀. Ó máa ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní Wp nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, lẹ́yìn náà Cp. Ariwo àwọn yòókù sì máa ń bá méjèèjì jáde. Nígbà tí a bá ti ti àwọn yìí pa, ó ṣẹ́ku ọ̀kan, Qp, tí àgádágodo kì í wà lẹ́nu rẹ̀. Láti ibẹ̀, EBNA1 nìkan ló ń jáde.

Àwọn ọdẹ kò ha lè rí EBNA1 yẹn? Ìbéèrè tí mo bi ara mi nìyí ní nǹkan bí aago méjì òru. Ní 1995, àwọn olùwádìí ní Stockholm rí i pé apá kan wà lára EBNA1 tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì péré tí a ń tún sọ ṣáá, glycine àti alanine, tí kì í jẹ́ kí a rí i kọ́ sára ògiri. Ní 2003, àwọn mìíràn fi hàn pé apá náà ń fa ọwọ́ iṣẹ́ sẹ́yìn nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń ṣe EBNA1: ó ń mú kí ó pẹ́, kí ó sì kéré. Ìyẹn ni pé fáírọ́ọ̀sì náà ń díwọ̀n ara rẹ̀. Ó ń ṣe ìwọ̀nba tí yóò mú un dúró nínú ilé, kò sì ń ṣe tó èyí tí àrokò yóò fi pọ̀ lára ògiri. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú ilé tí ọdẹ wà lójúde kò ṣe ju báyìí lọ.

Títí láé kọ́ ni ó lè dákẹ́ ṣá. Bí kò bá jí, kò ní dé inú itọ́, kò sì ní rí ẹlòmíràn wọ̀. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì B bá gba ìpè láti kojú àrùn mìíràn, jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní BZLF1 a máa jí, òun ló sì ń jí àwọn yòókù. Ẹ wo ọgbọ́n yìí: purotéènì BZLF1 fẹ́ràn ibi tí àgádágodo methyl wà. Ohun tí a fi ti ilẹ̀kùn pa, òun gan-an ni ó fi ń mọ ilẹ̀kùn tí yóò ṣí. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà pé ohun tí wọ́n kọ nìyẹn.

Nígbà tí ó bá jí báyìí, purotéènì pọ̀, àrokò yóò sì pọ̀. Nítorí náà, lára àwọn jíìnì tí ó máa ń tètè ṣí ni àwọn tó ń ba àrokò jẹ́. BNLF2a ń dí ẹnu ọ̀nà tóóró tí àrokò ń gbà jáde. BGLF5 ń fa ìlànà sẹ́ẹ̀lì ya kí ó má lè ṣe ohun tí a fi ń gbé àrokò kọ́. BILF1 ń já àwọn tí ó ti wà lára ògiri bọ́ sílẹ̀. Wọn kì í ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Birmingham fi hàn pé BNLF2a ló ń ṣọ́ ìbẹ̀rẹ̀, BILF1 sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá di ìgbà ìkẹyìn, bí ọlọ́dẹ méjì tí wọ́n pín òru ṣe. Kódà, àwọn kan ní Munich ti rí i ní 2012 pé fáírọ́ọ̀sì náà máa ń di ìlànà BNLF2a mọ́ra wọ inú sẹ́ẹ̀lì tuntun, kí ó lè rí i lò láti ìgbà tí ó bá ti gbẹ́sẹ̀ wọlé.

Ó ní ìbátan kan tí ń hu irú ìwà yìí, èyí tí Yuan Chang àti Patrick Moore rí ní 1994 nínú jẹjẹrẹ ara tí oníṣègùn Vienna kan, Moritz Kaposi, ti ṣàpèjúwe láti 1872. Àwọn tí HIV ti sọ ọdẹ ara wọn di aláìlera ló sábà máa ń ṣe nílẹ̀ wa. Òun náà ní ẹni tí ń jí i, RTA, ó sì ní K3 àti K5 tí wọ́n ń fa àrokò kúrò lára ògiri padà sínú ilé. N kò ní pẹ́ lórí tirẹ̀.

Báwo wá ni ìbálẹ̀ yìí ṣe ń di jẹjẹrẹ? Ibà ló ń dá a rú. (Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀fọn tí ń jẹni lóru ni mò ń bá wí, kì í ṣe ìlú yín; ohùn ló yà wọ́n.) Kòkòrò ibà falciparum ń pe sẹ́ẹ̀lì B jáde ṣáá, wọ́n ń pọ̀, wọ́n ń yára pín. Ó tún ń mú kí ọwọ́ àwọn ọdẹ T rọ̀ sí fáírọ́ọ̀sì yìí. Nínú ìyára yẹn, DNA sẹ́ẹ̀lì kan lè kán kí a sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lódìlódì: jíìnì MYC tí ń pàṣẹ ìdàgbàsókè á fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ lórí okùn kẹjọ, á bọ́ sórí okùn kẹrìnlá, níbi tí a kì í ti í pa iná. Ọdún 1982 ni wọ́n rí èyí. Sẹ́ẹ̀lì tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, ikú ló yẹ kí ó kú. Fáírọ́ọ̀sì tí ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ kí ó má kú, àwọn ọdẹ kò sì rí àrokò kankan tí yóò mú wọn dúró. Ìjàǹbá inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni. Kò sí ẹni tí ó rán an.

Mo kó gbogbo èyí sínú ìwé, mo wọ mọ́tò láti Ìjerò lọ sí Ẹ̀fọ̀n ní ọjọ́ Sátidé kan. Àwọn òkè ibẹ̀ ti fi kùrukùru bora. Àwọn àgbà ẹbí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Yèyé nìkan ló jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kò bá wọn jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, mo sì tọrọ àforíjì pé ẹnu mi ló dá a sílẹ̀. Mo ṣàlàyé àrokò, mo ṣàlàyé ọdẹ. Bàbá tó dàgbà jù níbẹ̀, tí mo rò pé ó ti sùn lọ, la ojú.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ohun tí o ń sọ ni pé olè náà gba kọ́kọ́rọ́ onílé, ó fi ti ara rẹ̀ mọ́lé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ó wà lára èmi náà?”

“Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú, Bàbá.”

“Ta ló fi í sí mi lẹ́nu?”

Mo ní bóyá ìyá wọn ni. Wọ́n ní ta ló fi í sí ìyá àwọn lẹ́nu. Mo ní ìyá tiwọn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bi mí lọ sẹ́yìn títí a fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n tẹ Ẹ̀fọ̀n dó, àwọn yòókù náà sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ ìbúra kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé ni ìwé ń jẹ́, òun mọ ohun tí òun mọ̀. Ó dìde, ó jáde. Èmi kò lè sọ fún yín pé gbogbo ilé ló gbà mí gbọ́.

Yèyé kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní ilé ìdáná, wọ́n béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé ọmọ náà ń jẹun?

Ó ń jẹun. Ìtọ́jú náà le, ṣùgbọ́n ó ṣe kíá. Wọ́n fi oògùn tí wọ́n ń pè ní cyclophosphamide bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi òmíràn kún un. Kí ó tó pé ọjọ́ 7, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ti ń fọn, ojú tí ó yọ síta ti ń padà sí àyè rẹ̀. Irun orí rẹ̀ re tán. Owó kòkó ọdún yẹn wọlé síbẹ̀ tán pẹ̀lú. Ohun tí dókítà sọ fún àǹtí mi ni mo ń sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé: wíwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò bá rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tàbí tí eyín bá ń mì níbẹ̀ lọ́pọ̀, tàbí tí ikùn ọmọ bá ń wú láìnídìí, kí a má ṣe yọ eyín kankan, ilé-ìwòsàn ńlá ni kí a kọrí sí, ní ọjọ́ náà gan-an. Nínú ayé ìwádìí, àwọn kan ń wá oògùn tí yóò jí fáírọ́ọ̀sì náà tipátipá kí ó lè tú ara rẹ̀ fó, kí a sì pa á níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń kọ́ sẹ́ẹ̀lì T níṣẹ́ ọdẹ rẹ̀ níta ara kí wọ́n tó fún aláìsàn. Ní oṣù kejìlá 2022, ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan fún jẹjẹrẹ mìíràn tí fáírọ́ọ̀sì yìí kan náà ń fà lára àwọn tí a pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún.

Lẹ́yìn ìtọ́jú kẹrin, àǹtí mi gbé ọmọ náà wá sí Ẹ̀fọ̀n. Orí rẹ̀ ń dán, ó dé fìlà. Ó sáré kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, ó lọ jókòó sórí itan Yèyé. Wọ́n gbé iyán wá, wọ́n bu ẹran sí i. Gbogbo wa ń wo ọ̀nà ibòmíràn, àwa tí a ń ṣe bí ẹni tí kò wò. Ọmọ náà mú ẹran, ó nà án sí Yèyé lẹ́nu.

“Yèyé, ẹ bá mi jẹ ẹ́.”

Yèyé wo ìyá ọmọ. Àǹtí mi kò tíì rí ọ̀rọ̀ sọ. Yèyé gba ẹran náà, wọ́n ní kí n bá wọn mú ọ̀bẹ wá nínú agbọ̀n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e wẹ́wẹ́.